Àlájà ti lọ, ológbò wọn ò jẹun mọ́: ta ló lè bá wa gbà á ní Ìbàdàn?

Àbẹ̀kẹ́ Òkè-Àdó

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọ̀rọ̀ ológbò ni mo gbé wá, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín.

Àlájà tó ni ilé tá à ń gbé ní Òkè-Àdó jáde láyé. Wọ́n ti sin wọ́n, wọ́n ti ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Wọ́n fi ológbò dúdú kan sílẹ̀, abo ni, Adúmáadán ni wọ́n ń pè é. Inú gọ́tà lẹ́yìn ọjà Bódìjà ni wọ́n ti rí i ní ọmọ kékeré, tí ipin ti lẹ ojú rẹ̀ méjèèjì pa. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti òwú ni Àlájà fi ń nù ún títí ojú fi là. Á ti tó bí ọdún mẹ́fà báyìí, kò sì tẹ̀ lé ẹlòmíì rí nínú ilé yìí.

Látìgbà tí wọ́n ti gbé òkú jáde, ẹnu ọ̀nà yàrá Àlájà tí àwọn ẹbí tì pa ló ń jókòó sí. Tí mo bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á gbóòórùn rẹ̀, á gbé ojú kúrò. Tó bá di òru, á máa ké. Ayálégbé tó wà lókè ti búra pé òun á dì í sínú àpò jù sí odò Ògùnpa. Àbúrò Àlájà kan dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́sàn-án gangan, ó ní ohun tí ẹ̀gbọ́n òun ń lò ló kù sí ara ológbò yẹn. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ o! Obìnrin tó ń fún gbogbo àdúgbò ní sàárà.

Àbújá àti Kánádà ni àwọn ọmọ wọn wà, wọ́n sì fẹ́ ta ilé. Àkọ́bí wọn obìnrin pè mí, ó ní kí n bá àwọn wá ẹni ire tó máa gbà á. Èmi ì bá gbà á, àmọ́ ọmọ mi ní ikọ́ fée, irun ológbò sì máa ń gbé e dìde.

Ṣé ẹranko máa ń ṣọ̀fọ̀ lóòótọ́? Báwo ni mo ṣe lè gbé e fún èèyàn tí kò ní di ẹran ọbẹ̀?

Ọmọ Èkó Gan-an

Ẹ kú ìdárò o, Ọlọ́run á tẹ́ Àlájà sí afẹ́fẹ́ rere. Ìmọ̀ràn tèmi ò pọ̀. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn alátẹ lọ́jà, àwọn tó ń ta gààrì àti ẹ̀wà. Eku ti ń bá wọn pín èrè níbẹ̀. Wọ́n á jà dù ú mọ́ yín lọ́wọ́.

Dókítà Ẹranko, Abẹ́òkúta

Ìyá wa, ẹ fi ọ̀rọ̀ ẹni tó máa gbà á sílẹ̀ ná. Oúnjẹ tí kò jẹ yẹn ló ń bà mí lẹ́rù.

Ológbò ò dà bí ajá tó lè fi ebi ṣeré. Tí kò bá jẹ nǹkan kan rárá fún ọjọ́ 2 sí 3, ọ̀rá ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ inú ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ náà ò sì ní lè ṣiṣẹ́ mọ́. Èyí tó bá sanra tẹ́lẹ̀ ló máa ń tètè kó sí i. Ẹ ṣí ètè rẹ̀ wò, ẹ wo èrìgì, ẹ wo inú etí àti funfun ojú. Tí ibẹ̀ bá ti ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ìyeyè, ẹ má dúró gbọ́ èsì ẹnikẹ́ni níbí mọ́, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn lójú ẹsẹ̀.

Tí kò bá tíì rí bẹ́ẹ̀, ẹ ra pánlá. Ẹ bọ̀ ọ́ nínú omi lásán. Kò sí iyọ̀, kò sí Mágì, kò sì gbọdọ̀ sí àlùbọ́sà níbẹ̀ rárá, torí àlùbọ́sà máa ń ba ẹ̀jẹ̀ ológbò jẹ́. Ẹ yọ egungun kúrò. Ẹ jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, torí imú ló fi ń mọ̀ bóyá oúnjẹ ni nǹkan. Ẹja tó ti tutù ò ní òórùn tó máa pè é. Ẹ bù ú díẹ̀ sórí abọ́ pẹrẹsẹ, ẹ gbé e sí ibi tó jókòó sí gan-an, kí ẹ sì kẹ́yìn sí i. Ẹ má dúró lé e lórí, ẹ má tì í bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Èyí tí kò bá jẹ láàárín wákàtí kan, ẹ dà á nù, kí ẹ tún gbé òmíràn wá nígbà tó bá yá. Ẹ gbé omi sí ẹ̀gbẹ́ kan lọ́tọ̀. Mílíìkì ńkọ́? Ẹ má fún un, ó lè mú kó máa yàgbẹ́ gbuuru.

Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fún un ní Parasitámọ́ọ̀ nítorí pé ara rẹ̀ gbóná. Ìdajì hóró kan lè pa ológbò.

Tó bá tún di ọ̀la tí kò fẹnu kan nǹkan kan, ẹ gbé e lọ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló máa ń jẹ́ ọ̀fọ̀. Ó lè jẹ́ eyín, ó lè jẹ́ kíndìnrín, ó sì lè jẹ́ pé ó jẹ eku tó ti jẹ ọta-pia-pia. Òògùn wà tó ń ṣí ọ̀nà ọ̀fun fún wọn.

Baálé Ilé Òṣogbo

Gbogbo ohun tí ẹ ń sọ yìí, gírámà ni. Àwọn bàbá wa mọ̀dí tí wọn ò fi ń gba ológbò dúdú wọlé. Èyí tó ń ké lóru lẹ́nu ọ̀nà òkú, ẹ fẹ́ kí ẹnìkan tún lọ gbé e wọ ilé tiẹ̀? Kí wọ́n tú u sínú igbó, kó máa lọ.

Aláfàá Ìwó

Bàbá, ẹ má bínú, n ó dá sí i. Àlájà ni obìnrin yìí, ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀sìn tiẹ̀ gbà á lẹ́jọ́.

Nínú hádíìsì tí Bùhárì àti Músílímù gbà wá, Ànábì sọ pé obìnrin kan wọ iná nítorí ológbò kan tó há mọ́lé: kò fún un lóúnjẹ, kò sì tú u sílẹ̀ kó lọ wá kòkòrò ilẹ̀ jẹ. Wọ́n sì tún bi Abú Kọ̀tádà, ọ̀kan lára àwọn sàábé Ànábì, nígbà tó tẹ àwo omi àlùwàlá rẹ̀ sílẹ̀ kí ológbò mu níbẹ̀. Ó ní Ànábì ti sọ pé ológbò kì í ṣe ohun ẹ̀gbin, pé ara àwọn tó ń rìn yí wa ká nínú ilé ni. Ibo ni wọ́n ti rí àjẹ́ nínú ìyẹn? Ológbò tó ti ń jẹun nínú abọ́ látọmọdé, tí ẹ bá tú u sínú igbó, ẹ pa á ni.

Kí ẹ sì sọ fún àbúrò Àlájà pé ọ̀rọ̀ tó ń sọ nípa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti kú, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀ fún un.

Baálé Ilé Òṣogbo

Aláfàá, mo gbọ́. Mi ò ní kí ẹ pa á. Mo kàn ní kò ní wọ ilé tèmi ni.

Àbẹ̀kẹ́ Òkè-Àdó

Dókítà, ẹ ṣeun gan-an. Èrìgì rẹ̀ ṣì pupa dáadáa, inú etí mọ́. Mo bọ pánlá náà bí ẹ ṣe ní kí n bọ̀ ọ́. Kò jẹ ẹran ara ẹja, àmọ́ ó lá omi rẹ̀. Ó lá a tán, ó tún lá abọ́. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ hó.

Aláfàá, mo fi ọ̀rọ̀ yín han àbúrò Àlájà. Kò dáhùn, ó kàn wọ bàtà rẹ̀ ó jáde.

Ìyá Ológbò, Lewisham

Ẹ kú ìtọ́jú, àbúrò mi. London ni mo wà, mo máa ń yọ̀ǹda ara mi níbi tí wọ́n ti ń gba àwọn ológbò tí olówó wọn ti kú. Irú èyí pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Arúgbó á kú sínú ilé, wọ́n á wá bá ológbò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ bi wá bóyá wọ́n ń ṣọ̀fọ̀. Ní 1996, ẹgbẹ́ ASPCA tó ń gbèjà ẹranko ní Amẹ́ríkà bi àwọn tó ní ju ẹran ọ̀sìn kan lọ nílé léèrè. Nínú àwọn ológbò tí ẹnìkejì wọn kú, ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún ni oúnjẹ wọn dín kù. Ológbò sí ológbò nìyẹn o, kì í ṣe ológbò sí èèyàn. Ohun tí èmi fi ojú ara mi rí ni pé ohun tí wọ́n ti mọ́ lára lójoojúmọ́ ni àwọn ológbò máa ń wá. Ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn láago báyìí ò ṣí i mọ́. Ẹsẹ̀ tí wọ́n mọ̀ ò dún mọ́. Nítorí náà mo fẹ́ bi yín: aago mélòó gan-an ló máa ń ké lóru?

Àbẹ̀kẹ́ Òkè-Àdó

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun. Mi ò wo aago, àmọ́ ìgbà tí ládàánì bá pe ìrun àsùbáà ní mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìn ilé ló máa ń bẹ̀rẹ̀. Tí ilẹ̀ bá mọ́, á dákẹ́.

Ìyá Ológbò, Lewisham

Kí ni Àlájà máa ń ṣe fún un lásìkò yẹn?

Àbẹ̀kẹ́ Òkè-Àdó

Áà! Orí ẹja ni. Tí wọ́n bá jí ṣe àlùwàlá, wọ́n á kọ́kọ́ ṣí fíríìjì, wọ́n á ju orí ẹja kan fún un ní ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì kí wọ́n tó kírun. Gbogbo wa nínú ilé ló mọ̀. Tí Adúmáadán bá ti ké lẹ́ẹ̀kan, a ó mọ̀ pé Àlájà ti dìde.

Ọmọ Èkó Gan-an

Ẹ ò rí i! Owó oúnjẹ àárọ̀ rẹ̀ ló ń béèrè, wọ́n ń pè é ní àjẹ́.

Ìyá Ológbò, Lewisham

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ní àsùbáà ọ̀la, ẹ gbé orí ẹja tẹ́ ẹ ti bọ̀ síbi kíṣìnnì tí Àlájà máa ń gbé e sí, kì í ṣe ẹnu ọ̀nà yàrá. Ẹ fún un ní asìkò náà gan-an lójoojúmọ́. Ẹni tó bá sì máa gbà á, ẹni tó ń jí ní ìdájí ni kí ẹ wá. Èyí ṣe pàtàkì ju ilé ńlá lọ.

Èkejì, ẹ ṣe gbogbo ọ̀nà kí wọ́n ṣí yàrá yẹn, kí ẹ mú ìborùn Àlájà kan tàbí aṣọ ìrọ̀rí wọn jáde. Ẹ má fọ̀ ọ́ o! Òórùn ara wọn tó wà lára rẹ̀ ló máa bá ológbò lọ sí ilé tuntun.

Lórí ẹni tó máa gbà á: ẹ má kọ ọ́ síbì kankan pé "ọ̀fẹ́ ni, ẹ wá gbé e". Ẹni tó fẹ́ ẹran á wá, ẹni tó fẹ́ fi ṣe òògùn á wá. Ẹ béèrè ìbéèrè. Ṣé wọ́n ní ajá? Ṣé wọ́n ń fi májèlé pa eku? Ta ló wà nílé lọ́sàn-án? Ẹ lọ wo ilé náà fúnra yín. Ẹni tó bá bínú nítorí ìbéèrè yín, ẹ jẹ́ kó máa lọ ire.

Ìjà àwọ̀ dúdú yìí ò yọ Òyìnbó náà sílẹ̀. Àwọn dúdú máa ń pẹ́ kí wọ́n tó rí ẹni gbé wọn níbí, débi pé Cats Protection, ẹgbẹ́ tó ti wà láti 1927, ya ọjọ́ 27 oṣù kẹwàá sọ́tọ̀ fún ológbò dúdú nìkan. Ẹgbẹ́ yìí náà ló ní ètò tí wọ́n ń pè ní Cat Guardians: ẹni tó ní ológbò á forúkọ sílẹ̀ nígbà tó wà láàyè pé tí òun bá kú, kí wọ́n wá gbé e, kí wọ́n wá ilé ire fún un. Kò ná an ní kọ́bọ̀. Ìbá wù mí ká ní irú rẹ̀ nílé. Àwọn ìyá tó ń dá gbé ti pọ̀ báyìí.

Ọmọ Èkó Gan-an

Ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè kan. Wọ́n ní ilé ni ológbò mọ̀, kò mọ èèyàn. Kí ló dé tí ẹ ò fi sílẹ̀ fún ẹni tó bá ra ilé?

Dókítà Ẹranko, Abẹ́òkúta

Ẹni tó bá ra ilé l'Ókè-Àdó lásìkò yìí, wíwó ló máa wó o, kó fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Òótọ́ ni pé ológbò máa ń mọ ilé, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í tú u síta tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibòmíràn. Àmọ́ èyí tí èèyàn fi ọwọ́ bọ́ láti inú gọ́tà, ó mọ èèyàn dáadáa.

Tíṣà Mọ́níyà

Ẹ kú àpérò. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ láti àná. Èmi àti ìyàwó mi nìkan ló kù nílé ní Mọ́níyà, a ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, àwọn ọmọ ti lọ. A ò ní ajá. Eku wà, mi ò parọ́, ìwé mi ni wọ́n ń jẹ, ṣùgbọ́n a kì í lo májèlé. Aago márùn-ún ìdájí ni a máa ń jí gbàdúrà, láti ọdún tí a ti fẹ́ra. Kìrìsìtẹ́nì ni wá o, bóyá Adúmáadán á gba bẹ́ẹ̀.

Ohun kan ló ń kọ wá lóminú. Ọmọ wa obìnrin lóyún, ó sì máa ń wá lópin ọ̀sẹ̀. Ìyàwó mi gbọ́ pé ológbò lè ba oyún jẹ́.

Àbẹ̀kẹ́ Òkè-Àdó

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o! Kìrìsìtẹ́nì tó jí láago márùn-ún, Adúmáadán ò ní bi yín nípa Gẹ̀ẹ́sì tàbí Lárúbáwá, orí ẹja ló máa béèrè. Dókítà, ẹ bá wa dá wọn lóhùn.

Dókítà Ẹranko, Abẹ́òkúta

Bàbá, ọ̀rọ̀ ìyàwó yín ní ìdí. Kòkòrò kan wà tí wọ́n ń pè ní Toxoplasma, ó lè wà nínú ìgbẹ́ ológbò, ó sì lè ṣe ọmọ inú ní ìjàǹbá. Àmọ́ ìgbẹ́ náà kì í lè ran èèyàn lọ́jọ́ tó ṣu ú, ó máa ń tó ọjọ́ kan ó kéré tán. Nítorí náà, ẹ máa kó iyanrìn rẹ̀ lójoojúmọ́, kí ọmọ yín má bàa kó o rárá. Kó má fọwọ́ kan ìyẹ̀pẹ̀ ọgbà láìwọ ìbọ̀wọ́. Kó jẹ́ kí ẹran jinná, kó sì fọ ẹ̀fọ́ dáadáa, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń kó o láti inú ẹran tí kò jinná, tí wọn ò sì ní ológbò nílé. Kó fọwọ́ ra ológbò lára, kó gbé e lé ẹsẹ̀, kò léwu, kó sáà fọ ọwọ́.

Ìyá Ológbò, Lewisham

Bàbá, ẹ gbọ́ bí ẹ ṣe máa gbà á. Yàrá kan ṣoṣo ni kí ẹ fi sí ná, kì í ṣe gbogbo ilé. Ẹ gbé iyanrìn sí igun kan, oúnjẹ sí igun kejì, àti páálí kan tí ẹ gé ẹnu sí tó lè wọ̀ sápamọ́. Aṣọ Àlájà ni kí ẹ tẹ́ sínú páálí náà. Tó bá sápamọ́, ẹ má fà á jáde, ẹ má pe àlejò wá wò ó. Ẹ wọlé, ẹ jókòó sílẹ̀, ẹ máa ka ìwé ìròyìn yín sókè kó lè mọ ohùn yín. Tó bá wò yín, ẹ rọra pa ojú dé, kí ẹ rọra ṣí i. Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Sussex gbé e jáde ní 2020 pé ológbò máa ń dá irú ojú bẹ́ẹ̀ padà, wọ́n sì máa ń súnmọ́ ẹni tó bá ṣe é.

Ẹ má jẹ́ kó jáde síta fún ọ̀sẹ̀ 3. Tó bá bọ́ síta kó tó mọ ibẹ̀, Òkè-Àdó ló máa kọrí sí, títì ló sì máa gbà.

Àbẹ̀kẹ́ Òkè-Àdó

Ẹ bá mi dúpẹ́. Ọmọ Àlájà tó wà lÁbújá pe àbúrò wọn lórí fóònù, wọ́n sọ̀rọ̀ pẹ́, wọ́n sì fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Mo fẹ́ mú ẹní ìkírun, àwọn ọmọ ní àwọn fẹ́ tọ́jú ìyẹn, mo wá mú aṣọ ìrọ̀rí àti ìborùn àdìrẹ kan. Ọwọ́ mi ò tíì kúrò lára ìlẹ̀kùn tí ológbò fi wọlé. Ó yí bẹ́ẹ̀dì po, ó gbóòórùn abẹ́ rẹ̀, ó fi ara nu ẹsẹ̀ àga, ó wá jáde fúnra rẹ̀. Látìgbà náà kò jókòó sẹ́nu ọ̀nà yẹn tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Orí ẹja àsùbáà ti ń wọlé báyìí, ó ń jẹ ẹran ara rẹ̀ náà. Igbe ti rọlẹ̀. Ayálégbé òkè bi mí lónìí bóyá a ti gbé e lọ ni.

Mo ti lọ wo ilé Tíṣà ní Mọ́níyà. Ilé náà ní fẹ́ǹsì, ó pa rọ́rọ́, ìyàwó wọn ti gé páálí sílẹ̀ kí n tó dé. Ó ku bí mo ṣe máa gbé e débẹ̀. Àwọn onítakisí Máíkírà ò fẹ́ gbé ológbò dúdú, ọ̀kan sọ fún mi lójú ara mi pé ọkọ̀ òun ṣì ń san gbèsè.

Ọmọ Èkó Gan-an

Ẹ kó o sínú Ghana-must-go, ta ló máa mọ̀?

Dókítà Ẹranko, Abẹ́òkúta

Ẹ má dán an wò, á gbóná pa á. Agbọ̀n adìẹ ni kí ẹ rà, èyí tó ní ìdérí. Ẹ tẹ́ ìborùn sí ìsàlẹ̀, ẹ fi okùn so ìdérí, ẹ wá da aṣọ fẹ́ẹ́rẹ́ bò ó kó má rí òde. Afẹ́fẹ́ á wọlé, awakọ̀ á sì rò pé adìẹ lẹ gbé. Ẹ má fún un lóúnjẹ ní wákàtí mélòó kan ṣáájú, kó má bàa bì. Ìdájí ni kí ẹ gbéra kí oòrùn tó mú.

Káàdì abẹ́rẹ́ rẹ̀ ńkọ́?

Àbẹ̀kẹ́ Òkè-Àdó

Ó wà nínú dúrọ́ọ̀ Àlájà. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ tí kò ní jẹ́ kó bímọ fún un ní UI. Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi rẹ̀ ló ti kọjá ọdún kan.

Dókítà Ẹranko, Abẹ́òkúta

Kí Bàbá jẹ́ kó kọ́kọ́ fara balẹ̀, kí wọ́n wá gbé e lọ gba tọdún yìí. Tó bá ya ẹnikẹ́ni ṣáájú ìgbà náà, kí ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ sílé ìwòsàn.

Tíṣà Mọ́níyà

Ó ti dé o. Agbọ̀n adìẹ ṣiṣẹ́. Inú páálí ló wà di alẹ́, ojú rẹ̀ nìkan ni à ń rí. Lówùúrọ̀ yìí, nígbà tí a ń kọrin ìyìn, ó ké lẹ́ẹ̀kan péré, ìyàwó mi sì sáré gbé orí ẹja wọlé kó tó tún ké. Ó jẹ ẹ́ nígbà tí a ti ilẹ̀kùn. Egungun nìkan la bá.

Ìyàwó mi ń bèèrè bóyá òun lè fún un ní èyí tó kù lára ẹja kọ́tẹ̀ tí a fi ata sè.

Dókítà Ẹranko, Abẹ́òkúta

Rárá o, Bàbá. Ata àti àlùbọ́sà wà níbẹ̀. Ẹ bá mi bẹ Màmá, kí wọ́n yọ tiẹ̀ sọ́tọ̀ kí wọ́n tó ta epo sí i. Orí ẹja yẹn náà, tí ẹ bá ti sè é, ẹ máa yọ egungun wẹ́wẹ́ rẹ̀ kúrò kó má bàa há a lọ́fun.

Baálé Ilé Òṣogbo

Tíṣà, eku tó ń jẹ ìwé yín ńkọ́?

Tíṣà Mọ́níyà

A ò tíì gbúròó wọn láti àná. Ẹ̀yin náà ní eku nílé ni?